Nọ́ọ̀sì tí kò gba owó lọ́wọ́ wa: báwo la ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Ìkirè

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo bá wá.

Rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wa lóṣù Karùn-ún. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ohùn lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba la gbé wọn lọ, wọ́n sì dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìyẹn kọ́ ni mo sì fẹ́ sọ lónìí.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀. Ọmọ kékeré ni, mi ò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn ti bàbá, ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú alẹ́ o, bàbá. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó máa wà lọ́dọ̀ yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo fẹ́ wọn ìfúnpá yín o. Ọwọ́ mi tutù díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Gbogbo àwọn tó ti wá síbẹ̀ látàárọ̀, dókítà ni o, mọ̀lẹ́bí ni o, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹni tí kò lè fọhùn ti di adití. Òun nìkan ló bá bàbá fúnra wọn sọ̀rọ̀. Mo rí i tí ojú bàbá yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

Wákàtí méjì-méjì ló ń wá yí wọn padà. Yóò fi ìrọ̀rí há àárín orúnkún wọn, yóò gbé gìgísẹ̀ wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní tí wọ́n bá sùn sójú kan pẹ́, egbò máa dá sí wọn nídìí. Nígbà tí ìbátan wa kan gbé ẹ̀kọ mímu dé, tó ti fẹ́ máa rọ ọ́ sí bàbá lẹ́nu lórí ìdùbúlẹ̀, òun ló sáré dá a dúró. Ó gbé bàbá jókòó, ó fún wọn ní omi ṣíbí kan, ó ń wo ọ̀fun wọn, ó ń dẹtí bóyá wọ́n á húkọ́. Wọ́n húkọ́. Ó ní kò tíì yá, pé oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì di àìsàn mìíràn. Rọ́bà imú ni wọ́n fi ń fún wọn lóúnjẹ títí ọ̀fun fi le.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó já geere lẹ́nu bàbá ni "Nọ́ọ̀sì dà?" Màmá wa ò tíì dárí jì wọ́n di ìsinsìnyí.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi owó sínú àpòòwé, a lọ bá a. Ṣe ló kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní tí òun bá gbà á, bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní, á máa rò pé owó la fi ra ìtọ́jú. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kí la máa ṣe fún ọmọ yìí?

Baba_Tísà

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, Àbẹ̀kẹ́. Ara wọn á le. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ ra áńkárá tó dáa fún un, kí màmá yín fọwọ́ ara wọn gbé e lọ. Kò ní lè kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

ÌyáÌbejì_Mushin

Ẹ se oúnjẹ lọ fún wọ́ọ̀dù! Nígbà tí mo bí àwọn ọmọ mi, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù ńlá kan ni àǹtí mi gbé lọ. Nọ́ọ̀sì jẹ, àwọn tó ń nulẹ̀ jẹ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jẹ. Kò sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní rìbá.

Ẹlẹ́jẹ̀SS

Mo ka ọ̀rọ̀ yín, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, omi bọ́ lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Tí ìrora àwa tá a ní ẹ̀jẹ̀ SS bá dé, kò sí ohun tí èèyàn máa rí lára wa. Kò sí egbò, ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde, ibà pàápàá lè má sí. Inú egungun lọ́hùn-ún ló ti ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti tẹ̀ bíi dòjé lọ ń dí ojú iṣan, atẹ́gùn ò sì ráyè dé ibi tó yẹ kó dé. Tó o bá wá tọ ilé ìwòsàn lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, tó o sì fẹnu ara rẹ dárúkọ abẹ́rẹ́ tó máa ń ràn ọ́ lọ́wọ́, ojú tí wọ́n á fi wò ọ́ á yí padà. "Ṣé kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ yìí ti mọ́ ẹ lára?" Mi ò ní purọ́, pentazocine, abẹ́rẹ́ apàrora yẹn, ti di bárakú fún àwọn kan nínú wa, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí egungun itan ń ro bí ẹni pé wọ́n ń fi ayùn rẹ́ ẹ, ṣé ìgbà yẹn ló yẹ kó máa jẹ́jọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí. Ó ní, "Ká ní a pín ìrora sí ọ̀nà mẹ́wàá, mélòó ló wà lára rẹ báyìí?" Mo ní mẹ́sàn-án. Ó kọ mẹ́sàn-án. Kò bá mi ná an. Ó pe dókítà, wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí mi lára, ó sì tún padà wá lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tún béèrè: mélòó ló kù?

Mo ti pàdé àwọn nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín sí mi ju òun lọ. Èyí kì í tilẹ̀ rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ohun tó ṣe fún mi ni pé ó gbà mí gbọ́. Ó ti kọjá sí Saudi báyìí. Gbogbo ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé (ọjọ́ náà ni wọ́n bí Florence Nightingale ní 1820), mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

Ẹ má bínú sí mi o, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ló ṣe. Ká yí aláìsàn padà, ká kí i, ká gbà á gbọ́, ṣé oore nìyẹn ni àbí iṣẹ́?

Nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí àkọ́bí wa, nọ́ọ̀sì kan pariwo mọ́ ọn pé, "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é, ṣé ẹ ké báyìí?" Gbogbo yàrá ìgbẹ̀bí rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wà nínú ìrora, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Títí dòní, tí ìyàwó mi bá rí aṣọ funfun, ara rẹ̀ á gbọ̀n. Ẹ tún wá ní ká máa se jọ̀lọ́ọ̀fù. Tá a bá ń lu ìlù fún ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe ohun tó yẹ, a ti gbà nìyẹn pé àwọn yòókù ò ní ṣe é.

ÌyáÌbejì_Mushin

@Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ tó tọ́jú bàbá Àbẹ̀kẹ́ nínú èyí? Ṣé òun ló sọ̀rọ̀ sí ìyàwó yín ni?

Baba_Tísà

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ ní iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Ó dáa. Ní 2014, nígbà tí ọkùnrin ará Liberia yẹn, Patrick Sawyer, gbé Ebola wọ Èkó, ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọ̀báléńdé ló dé sí. Gbogbo wa mọ orúkọ Dókítà Ameyo Adadevoh, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ Justina Ejelonu? Nọ́ọ̀sì ni, oyún wà nínú rẹ̀, ó wà lára àwọn tó tọ́jú ọkùnrin náà, àrùn yẹn ló sì pa á. Èèyàn mẹ́jọ ló kú ní Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ bá mi ṣírò owó oṣù tó tó fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

Bàbá, mi ò jiyàn ìyẹn. Ẹ sì wò ó, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọpẹ́ tí à ń sọ yìí, ibo ló ń lọ?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìjíròrò yìí lórí ìsinmi mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, Ìbàdàn ni mo wà.

@Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn, mi ò ní gbèjà ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn sí ìyàwó yín. Ìwà burúkú ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí, mo sì ti bá wọn jà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó kò sọ pé kéèyàn fi aboyún ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí alẹ́ wa ṣe ń rí. Mo ti ṣe alẹ́ tó jẹ́ pé àwa méjì péré la wà pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní ọgbọ̀n. Tí mẹ́fà nínú wọn ò bá lè yí ara wọn padà, tá a sì ní láti yí wọn ní wákàtí méjì-méjì, tí yíyí ọkùnrin kan tó sanra gba èèyàn méjì, ẹ fi oògùn aago mẹ́wàá kún un, ẹ fi dírípù tó dí kún un, ẹ fi ẹni tuntun tí wọ́n gbé dé láti ẹ̀ka pàjáwìrì kún un, iná ọba sì ti lọ. Ọmọ tó ń yí bàbá Àbẹ̀kẹ́ padà ní gbogbo wákàtí méjì yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kò jókòó rárá láti alẹ́ títí di ìgbà tí àwọn òwúrọ̀ dé. Ìdí nìyí tá a fi daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje ọdún 2025, tí ẹgbẹ́ wa fi ń béèrè pé kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i, kí wọ́n sì tún owó iṣẹ́ òru wò. Àwọn kan bú wa nígbà náà. Mi ò bínú.

Ẹ padà síbi owó. Ó dáa tí ọmọ náà ò gbà á. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Karùn-ún, kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti gba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Oúnjẹ tí gbogbo wọ́ọ̀dù jọ jẹ ò jọ àpòòwé, èmi ò sì lè purọ́, a ó jẹ ẹ́. Áńkárá, mi ò mọ̀ o, Baba Tísà. Àfi tí ọ̀rọ̀ yín bá ti di ti ẹbí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí: ẹ kọ ìwé. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní fáìlì. Ìbínú ni aráàlú máa ń kọ sílẹ̀. Ọpẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mọ́tò ti ń dúró dè wọ́n. Torí náà, tí ẹ bá ṣí fáìlì nọ́ọ̀sì tó dáa, kúẹ̀rì lẹ máa bá níbẹ̀, kúẹ̀rì tó gbà lọ́jọ́ tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wa lọ́dọọdún, tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá délẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí àdúrà tí ẹ gbà fún un. Ìwé nìkan ló máa wà níbẹ̀.

Ìdòwú_Peckham

Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì Òru sọ. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ọpẹ́ tilẹ̀ wúlò kọjá fáìlì. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń tún ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kó èsì márùn-ún jọ lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ kọ lè wà lára márùn-ún yẹn. Ìyàwó mi ní káàdì kan tí bàbá aláwọ̀ funfun kan kọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó kọ ọ́, ìlà méjì péré.

Mo máa ń ronú nípa Kòfowórọlá Àbẹní Pratt. Ọmọ Èkó ni. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London yìí ní 1946, àwọn ni wọ́n sì máa ń kà sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibí. Aláìsàn kan kọ̀ pé kí wọ́n má tọ́jú òun nítorí àwọ̀ wọn. Wọ́n ò torí ẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù (olórí àwọn nọ́ọ̀sì) ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Ẹni tó kọ̀ wọ́n yẹn, ta ló mọ orúkọ rẹ̀ lónìí?

Tóyìn_Maryland

Ní Amẹ́ríkà, ẹbí aláìsàn ló dá irú nǹkan yìí sílẹ̀. Ní 1999, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Barnes kú lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn ẹbí rẹ̀ ò rí ìwòsàn gbà fún un, síbẹ̀ wọn ò gbàgbé bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe tọ́jú rẹ̀. Ni wọ́n bá dá ẹ̀bùn DAISY sílẹ̀. Aláìsàn tàbí ẹbí ló ń kọ ìtàn ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe, ilé ìwòsàn á sì yan ẹni tó máa gbà á. Wọ́n tún máa ń pín búrẹ́dì oníṣúgà aláta-sínámọ́ọ̀nù fún gbogbo wọ́ọ̀dù, torí pé Patrick fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Nítorí náà ÌyáÌbejì ò ṣìnà pẹ̀lú jọ̀lọ́ọ̀fù o.

ÌyáÌbejì_Mushin

😂😂 Ṣé ẹ gbọ́? Mo ti wà níwájú Amẹ́ríkà!

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

@Nọ́ọ̀sì_Òru ọ̀rọ̀ yín yé mi, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò gbèjà ẹni yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo: tí ìwé ọpẹ́ bá wúlò, ṣé èmi náà lè kọ ìwé lórí ohun tí wọ́n ṣe fún ìyàwó mi? Ó ti pẹ́ díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ wá ọ́fíìsì SERVICOM tó wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ wọ́ọ̀dù, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an láìfi iyọ̀ sí i. Ọ̀gá mi kan máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè nínú ìpàdé, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ara gbogbo wa máa ń bù máṣọ.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkirè

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó, a ti kọ nǹkan. Ẹ bá mi wò ó (mo yọ orúkọ kúrò):

*"Sí Olùdarí Àgbà. Àwa ọmọ bàbá tí wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin kọ ìwé yìí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì … Onínúure èèyàn ni, ó ní ìfẹ́, ó ní sùúrù, ó níwà bí áńgẹ́lì. Kí Ọlọ́run bùkún fún un. A gbàdúrà pé kí ó dé ipò ńlá."*

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ó dùn, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ọpẹ́ ló máa ń rí báyìí. Ẹni tó bá kà á ò ní mọ ohun tó ṣe. Áńgẹ́lì ò sí nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wa. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ kọ fún wa níbí láàárọ̀: ó kí bàbá, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, ó ń yí i padà, egbò kankan ò dá sí i lára títí ẹ fi kúrò, ó dá ẹ̀kọ mímu dúró. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an, ẹ má fò ó. Ọ̀pọ̀ aláìsàn rọpárọsẹ̀ ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti sọ di ẹlẹ́dọ̀fóró wíwú. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ òru ni, kí wọ́n lè fi ìwé yín wé ìwé iṣẹ́ wọ́ọ̀dù.

Ẹlẹ́jẹ̀SS

Ẹ fi pé kò gba owó kún un o!

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ fẹ̀sọ̀ kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá lọ kọ ọ́ bíi pé òun nìkan ni kì í gbà, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkirè

Ó dáa. Mo ti tún un kọ:

*"Bàbá wa kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí a gbé wọn dé. Nọ́ọ̀sì … kí wọn ní gbogbo alẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wọn kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ń yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, ó sì kọ́ èmi náà bí mo ṣe máa ṣe é. Egbò kankan kò dá sí wọn lára. Nígbà tí a fẹ́ fún wọn ní ẹ̀kọ mímu lórí ìdùbúlẹ̀, ó dá wa dúró, ó yẹ ọ̀fun wọn wò, ó sì ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wa láìjágbe mọ́ wa. A fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn, ó ní ìtọ́jú tí gbogbo aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ni. Bàbá wa ti ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá báyìí. Àwọn fúnra wọn ló ní kí a kọ ìwé yìí, àwọn náà ni wọ́n sì fi ọwọ́ òsì buwọ́ lù ú."*

Òótọ́ ni ti ọwọ́ òsì yẹn o. Wọ́n ti ń fi kọ́ ìwé kíkọ láti ọjọ́ Àìkú.

Ìdòwú_Peckham

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ó ti pé. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún Olùdarí Àgbà, ọ̀kan fún ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ẹ̀yin fúnra yín. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ tiyín pé àwọn ti gbà á. Tẹ́ ẹ bá sì lè fún ọmọ náà ní ẹ̀dà kan, ẹ fún un. Ìwé kì í ṣe owó, ó lè gbà á.

ÌyáÌbejì_Mushin

Kí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìwé lọ jẹ́ ọjọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù. Mo ti sọ tèmi.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkirè

Màmá ti gbà, wọ́n ti ń wá ìkòkò. @Nọ́ọ̀sì_Òru, ṣé wọ́n máa ń gba ìwé lọ́jọ́ Sátidé?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Rárá o. Ọ́fíìsì máa ń wà ní títì. Ẹ lọ lọ́jọ́ Túsìdeè, kó tó di aago méjìlá.